Ohun Èlò Ilé àti Ohùn Ọmọ: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Eré Ìsínjẹ Àwọn Ikorodu Bois

Ìfáàrà

Ilé tí ọmọdé bá wà, ohun èlò kì í gbé ibi tí a fi í sí. Ọmọrí ìkòkò a di ìlù, ìgbálẹ̀ a di ẹṣin, àpótí ìdáná a di mọ́tò, ìyá a sì máa wá ohun tí yóò fi bo ọbẹ̀ kiri nígbà tí ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Rúdurùdu ni àgbà ń pe èyí. Eré ni ọmọ ń pè é, òótọ́ sì wà lẹ́nu ọmọ. Johan Huizinga, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, sọ ọ́ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1938 pé eré ti wà kí àṣà tó wà. Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò sọ ìyẹn fún un, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, eré, ni ó ń lò fún ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣe nínú iyanrìn àti ohun tí òṣèré ń ṣe lórí ìtàgé níwájú ọgọ́rọ̀ èrò.

Síbẹ̀, ojú tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá fi ń wo eré ọmọdé kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Eré òṣùpá, àlọ́ àti orin ìgbọ́mọ ni wọ́n sábà máa ń kọ nípa rẹ̀, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń dárò òkú. Eré tí ọmọ ń ṣe lónìí nínú àgbàlá, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fóònù ká sílẹ̀, kò tíì rí lámèyítọ́ tó. Iṣẹ́ yìí gbé irú eré bẹ́ẹ̀ kan yẹ̀ wò, ìyẹn eré ìsínjẹ àwọn ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohun èlò ilé Yorùbá ni ó gbé eré náà ró, ṣùgbọ́n ohùn tí ń jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé náà, àti pé ọ̀rọ̀ ohùn yìí kan olùkọ́ àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Àwọn ọmọ náà àti iṣẹ́ wọn

Ìkòròdú jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń jí ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀nà Mile 12 ni èyí tí ó pọ̀ jù ń gbà. Àwọn mìíràn a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdò. Ọkọ̀ BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Ìkòròdú àti Mile 12 ní ọdún 2015 mú ìrìn náà dẹrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ilé sún mọ́ ibi iṣẹ́. Nínú irú ìlú báyìí, wákàtí tí ọmọ fi ń wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìyá àgbà pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ń bu omi, tí ń pín oúnjẹ, tí ń parí ìjà, òun náà ni ó sì máa ń di olórí eré.

Irú ètò ilé bẹ́ẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ àwọn Ikorodu Bois. Ọmọ ẹbí kan náà ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n tàbúrò pẹ̀lú ọmọ ẹbí wọn kan. Ẹ̀gbọ́n wọn tí ó dàgbà jù ló ń ká eré náà sílẹ̀, tí ó sì ń tò ó. Ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn a mú fídíò orin tàbí ìpolówó fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí ó lókìkí, wọn a sì tún un ṣe ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí olórin bá yí ọrùn, ọmọ yóò yí ọrùn, bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ti àwọn náà yóò já sí kòtò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bárò tí a fi ń kó yẹ̀pẹ̀ ni ọkọ̀ tiwọn. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e jáde, wọ́n sábà máa ń to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti òkèèrè lápá kan, ti Ìkòròdú lápá kejì, kí òǹwòran lè fi ojú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Ọdún 2020 ni òkìkí wọn kàn jù lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà ni òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní títì ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ọmọ sì wà nílé. Láàárín oṣù bíi mélòó kan tí ìyá àti bàbá kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọmọ ṣe mọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ, èyí tí Netflix gbé jáde lọ́dún náà. Àwọn Russo, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n wà lára àwọn tí ó ṣe fíìmù ọ̀hún, rí i, wọ́n sì kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ náà wá síbi ìfihàn àkọ́kọ́ apá kejì rẹ̀. Netflix fi kámẹ́rà àti àwọn ohun èlò ìyàwòrán mìíràn ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún 2020 kan náà. Àwọn ọmọdé ìgbà náà ti ń di géńdé báyìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà èwe ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Ìfirọ́pò gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ìṣọ̀nà

Oríṣi ojú méjì ni àwọn ènìyàn fi ń wo eré yìí, méjèèjì kò sì tọ̀nà. Àwọn kan ní ìwòkọ lásán ni, pé ẹni tí ó ń sín aláwọ̀ funfun jẹ kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn kejì ń yìn ín, ṣùgbọ́n òṣì ni wọ́n ń yìn: ẹ wo bí àwọn ọmọ tálákà ti ń gbìyànjú! Ìyìn kejì yìí burú ju èébú àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó gba iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà, ó sì fi àánú dí i.

Yorùbá ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìní nìkan ni ó ń sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹran ni òwe náà gbà wọlé. Òòbẹ̀ jọ àdàn. Ó ní ìyẹ́, òru ni ó ń fò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi í rọ́pò ní láti wo àdàn fín, kí ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ kí àdàn jẹ́ àdàn. Iṣẹ́ ojú inú ni ìfirọ́pò, òun gan-an sì ni ọgbọ́n ìṣọ̀nà tí ó ṣe kókó jù nínú eré àwọn ọmọ yìí. Bárò ní àgbá ẹsẹ̀ tí ń yí, ó ní ibi tí ènìyàn lè jókòó, ó sì ní ọwọ́ méjì tí a fi ń darí rẹ̀. Ọmọ tí ó mú un ti yẹ ọkọ̀ wò, ó ti yọ ohun tí kò ṣe pàtàkì dànù, ó sì ti mú èyí tí ó kù. Akéwì tí ó fi ohun kan wé òmíràn kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfiwé elélòó ni ọ̀rọ̀ náà, àfi pé ohun èlò ni wọ́n fi ṣe é dípò ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ibi tí ẹ̀rín ti ń wá sì wà níbẹ̀. Òǹwòran kì í rẹ́rìn-ín nítorí pé eré náà kò jọ fíìmù. Ohun tí ń pa á lẹ́rìn-ín ni pé ó jọ ọ́ pátápátá, síbẹ̀ bárò ṣì jẹ́ bárò. Ojú ń rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ náà kì í rẹ́rìn-ín rárá; ojú wọn le koko bí ojú akọni fíìmù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, eré yóò bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó fi ìwé kọ́ wọn ní èyí, ó sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ òṣèré alágbà kò tíì mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó so eré yìí mọ́ ìgbésí ayé ilé. Ẹ̀kú eégún kì í ṣe aṣọ ilé. Wọn a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí ọdún yóò fi yí. Aṣọ ìtàgé àwọn ẹgbẹ́ òṣèré náà ní àpótí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí ọmọ fi ṣeré nínú ilé gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bárò ṣì máa kó yẹ̀pẹ̀ lọ́la, ìkòkò ṣì máa se ẹ̀wà. Ìdí nìyí tí irú eré yìí kò fi lè ṣẹlẹ̀ níbi tí àgbà kò bá fàyè gbà á. Lẹ́yìn gbogbo fídíò irú èyí, ìyá kan wà tí kò gba ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, tàbí tí ó gbà á pẹ̀lú ìbínú tí ó sì tún fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Orúkọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í jáde níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tí ó ṣe eré. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àpótí ẹ̀ṣọ́ kì í sábà sí láàárín àwọn tí à ń kí.

Nípa kámẹ́rà tí Netflix fi ránṣẹ́, ó yẹ kí a yọ̀ mọ́ wọn. Àmọ́ lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: kámẹ́rà gidi lè mú àwòrán mọ́ sí i, kò lè mú ẹ̀rín pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gidi bá rọ́pò bárò ni eré náà yóò di fíìmù kékeré kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù ńlá.

Eégún aláré ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọdún 1826

Ìsínjẹ àlejò kì í ṣe ohun tuntun láwùjọ Yorùbá. Ní ọdún 1826, nígbà tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n fi eré eégún aláré ṣe é lálejò. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, Joel Adédèjì àti àwọn onímọ̀ ìtàgé mìíràn sì ti fi àkọsílẹ̀ náà ṣe ẹ̀rí bí ìtàgé alárìnjó ti pẹ́ tó. Lára ìdán tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà ni eré erè, àti lẹ́yìn rẹ̀, eré òyìnbó. Aláré bọ́ síta pẹ̀lú àwọ̀ funfun, ó tínrín, òtútù ń mú un. Ó ń ṣe bí ẹni ń fa áṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn èrò ìwòran ń wo ojú àlejò láti mọ̀ bí ó bá gbà pé eré náà dára. Clapperton ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn dé ibi tí tiwọn dùn dé.

Ẹni tí ó bá fi eré yẹn wé ti Ìkòròdú yóò rí ìyàtọ̀ kan tí ó gba àròjinlẹ̀. Ara ni aláré Ọ̀yọ́ yá lọ́wọ́ àlejò: àwọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ìṣe ọwọ́ rẹ̀. Ohùn kò yá. Clapperton fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé láàárín ìdán kan sí èkejì, àwọn obìnrin ń kọrin, gbogbo èrò sì ń gbè é. Òyìnbó wà láàárín agbo lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin Ọ̀yọ́ ni ó yí i ká, ìlù Ọ̀yọ́ ni ó sì ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Ìkòròdú, òdìkejì rẹ̀ ni. Àgbàlá jẹ́ tiwa, bárò jẹ́ tiwa, oòrùn tí ń ràn lórí páànù jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ohùn fíìmù òkèèrè gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi sí eré náà. Ẹnu ọmọ ń mì, ohùn ẹlòmíràn ni à ń gbọ́. Nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, kìkì ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ ni orúkọ ìlú tí wọ́n fi ń pe ara wọn.

Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí wọ́n bá fi ohùn tiwọn sí i, òǹwòran kò ní lè fi ti apá kan wé ti apá kejì bẹ́ẹ̀, pípé ìsínjẹ náà sì ni wọ́n ń lé. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni ìdí tí ohùn fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ó rọrùn fún wa láti jọ̀wọ́.

Ohùn nínú eré oníyẹ̀pẹ̀

Ìdáhùn kan wà nínú eré tí kò sí ẹni tí ń fi kámẹ́rà ká a. Ní Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀sà wà lẹ́bàá ìlú, tí Ọjà Olúwo sì lókìkí fún ẹja títà, eré ọmọdé kò jìnnà sí ohun tí ìyá ọmọ ń ṣe. Ewé ni ẹja, páálí ni àtẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ni owó. Ọmọ tí ó ń tajà yóò pe iye, oníbàárà rẹ̀ yóò dín in kù, ẹni tí ń tajà yóò búra pé òun kò jèrè, yóò ṣe bí ẹni ń bínú, yóò sì tún pe oníbàárà padà. Àwọn tí ń fi yẹ̀pẹ̀ se oúnjẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣe ìyá yóò bá èyí tí ó ṣe ọmọ wí, pẹ̀lú ohùn ìyá tirẹ̀ gan-an, débi pé ìyá tí ó bá ń gbọ́ láti inú ilé lè fẹ́ sá pamọ́. Nínú eré báyìí, ohun èlò kò tó nǹkan. Ohùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú ni à ń gbọ́ níbẹ̀, tàbí ti Èkó, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ti rí, nítorí ìlú Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sá wá síbẹ̀ ní ọdún 1851.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọ Ìkòròdú kì í fi yẹ̀pẹ̀ se oúnjẹ, tàbí pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í sín fíìmù jẹ. Oríṣi eré méjì ni wọ́n, ìlú méjèèjì sì ní in. Ohun tí a rí dì mú ni pé ìgbà tí ọmọ bá ń sín ìyá rẹ̀ jẹ, èdè ìyá rẹ̀ ni yóò fi sín in jẹ, níwọ̀n ìgbà tí ìyá náà bá ń sọ ọ́. Ilé tí òbí ti ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ọmọ yóò fi bá bèbí rẹ̀ wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èdè tí ń jọba nínú ilé kan, kí ó má ṣe bi bàbá léèrè, kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ tí ń ṣeré.

Ohun tí ó kan ilé ẹ̀kọ́

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ó ti gba iṣẹ́ lórí ohun èlò ìkọ́ni àfọwọ́ṣe. Wọ́n kọ́ wọn pé bí àwòrán tàbí ẹ̀rọ kò bá sí, kí olùkọ́ fi ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó rọ́pò rẹ̀. Tí àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ bá wá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a lọ ra páálí tí ẹlòmíràn ti ya àwòrán sí, wọn a gbé e kọ́ sára ògiri, olùyẹ̀wò a fún wọn ní máàkì. Ọmọ tí ó jókòó níwájú wọn nínú kíláàsì ti sọ garawa di ọkọ̀ òfuurufú lánàá, kò sì sí ẹni tí ó béèrè bí ó ti ṣe é. Èyí kan àwọn tí ń gba ẹ̀kọ́ ní Noforíjà, ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022 ní ọgbà, bí ó ti kan gbogbo akẹgbẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló le jù. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ kò gbẹ́yìn akẹgbẹ́ rẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè ní 1977 fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí kíkọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ ní 2018. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti pa ìlànà náà tì, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ni láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi bí ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta jà fún ni ìkéde kan mú kúrò nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkéde yẹn ń darí èdè tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ìṣirò. Kò dárúkọ eré. Yorùbá sì ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní kíláàsì. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè mú ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ìkòròdú ti là sílẹ̀, kí ó sì fi ohun tí wọ́n fò dá sí i. Kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta wo ìpolówó fíìmù kan láìsí ohùn. Kí wọ́n wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò ohun kọ̀ọ̀kan nílé, kí wọ́n sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn, kí ìyá baà lè mọ ibi tí ọmọrí ìkòkò rẹ̀ gbà lọ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ̀rọ̀ tí akọni náà yẹ kí ó sọ, ní ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ bí ó bá jẹ́ Ìkòròdú ni, ní ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Èkó bí ó bá jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti le fún wọn. Ọmọ tí ó ti mọ bárò fi ṣe ọkọ̀ yóò dúró, yóò máa wá ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń sá fún ọ̀tá máa ń sọ ní Yorùbá, yóò bi ẹnì kejì rẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì yóò sì lọ bi ìyá àgbà.